Fífi Èdè Méjì Kàwé ní Yunifásítì: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Kọjá Ẹnubodè

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀: Benin, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn kì í fi èdè Faransé ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹni tó bá gbéra ní Ìmẹ̀kọ láàárọ̀, tó sì kọjá ẹnubodè sí Kétu, yóò bá ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò kí ara wọn, wọn yóò nájà, ọ̀rọ̀ wọn yóò sì yé ara wọn. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ọ́fíìsì ìjọba láti gba ìwé kan, Faransé ni wọn yóò fi kọ ọ́ lé e lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè pé kí ni wọ́n ń múra sílẹ̀, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì àti owó físà ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dárúkọ, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa jọ gbọ́ ni yóò yọ ẹnì kan sọ́tọ̀ láàárín wa.

Mo kọ ìmọ̀ràn yìí fún ọmọ tó wà ní SS2 tàbí SS3, fún òbí tí yóò san owó, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wọ yunifásítì tó ṣì ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta níwájú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: kí èdè kejì má ṣe jẹ́ kọ́ọ̀sì kan lára àwọn kọ́ọ̀sì, kí ó di èdè tí a fi kọ́ iṣẹ́ tí a yàn. Ẹni tó ka ìṣirò owó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń gba Faransé ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀, yóò lè kí èèyàn, yóò sì lè bèèrè ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kan síwájú rẹ̀ ní Lomé, olú ìlú Tógò, kò ní mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní “bilan” níbẹ̀, ìyẹn “balance sheet”, ni òun ti ń ṣe láti ọdún kìíní. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà ní èdè méjèèjì ni àwọn àjọ ńlá ń wá kiri.

Àwọn àjọ náà kò jìnnà sí wa. ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, èdè mẹ́ta ló fi ń ṣiṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí. Lẹ́yìn tí Mali, Burkina Faso àti Niger jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè 12 ló kù nínú rẹ̀, márùn-ún nínú wọn ló sì ń fi Faransé ṣèjọba. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà tó wà ní Abidjan ń fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣiṣẹ́. Lomé ni olú ilé iṣẹ́ Ecobank wà. Èdè mẹ́fà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà fi ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìjọba Abacha kéde ní ọdún 1996 pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà, àmọ́ ìkéde náà kò wọnú kíláàsì bó ṣe yẹ kó wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ èdè yìí ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá a.

Ohun tí Yorùbá ti fi lé wa lọ́wọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ òkèèrè, kí ó kọ́kọ́ kọ́ èdè náà dé ibì kan nílé. Mo ti rí àwọn tó gbàgbọ́ pé bí àwọn bá ti dé ìlú náà, èdè yóò wọlé fúnra rẹ̀. Ó máa ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún kìíní yóò ti lọ kó tó wọlé tán, ọdún kìíní yẹn ni wọ́n sì sanwó lé lórí jù.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú, tí àwọn olùkọ́ wa kì í sábà sọ fún ọmọ Yorùbá, ni pé púpọ̀ nínú ohun tó ń dá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lágara nínú Faransé ti wà lẹ́nu wa láti kékeré. Ẹ wo fáwẹ̀lì: “é” wọn ni e wa, “è” wọn ni ẹ wa, o tó wà nínú “beau” ni o wa, èyí tó wà nínú “porte” sì ni ọ wa. Ìró imú tó parí “bon” kò yàtọ̀ sí èyí tó parí “ìbọn”. Ẹ wo ọ̀wọ̀: ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pè ní “tu”, àgbà àti ẹni tí a kò mọ̀ rí ni wọ́n ń pè ní “vous”, “vous” yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń pe èèyàn púpọ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti bá wí rí nítorí pé ó sọ “o ṣé” fún àgbàlagbà kò nílò àlàyé kankan lórí èyí. Ẹ tún wo òǹkà. “Quatre-vingts” tí wọ́n ń pe 80, ogún mẹ́rin ni, ọgọ́rin gan-an. Nígbà tí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń ba àwọn tó kù ní kíláàsì, kí ọmọ Yorùbá rántí pé ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni 90, nítorí pé àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn fi mẹ́wàá lé ọgọ́rin.

Ohun tó máa ń dí wa lọ́wọ́ kò pọ̀, àmọ́ ó yẹ kí a dojú kọ ọ́. Èkíní ni ìró “u” tó wà nínú “tu”. Ẹni tó bá pè é bíi “tu” wa ti sọ “tout”, ìyẹn “gbogbo”, láì mọ̀. Ẹ pe “i” kí ẹ fà á gùn, ẹ má ṣe gbé ahọ́n kúrò níbi tó wà, kí ẹ wá ká ètè jọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Ìró tó bá jáde nígbà náà ni ẹ ń wá. Ẹ máa ṣe é níwájú dígí fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò mọ́ ẹnu. Èkejì ni akọ àti abo. Yorùbá kì í sọ pé tábìlì jẹ́ abo tàbí pé ìwé jẹ́ akọ, nítorí náà kò sí ohun tí a lè fi wé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni kí a má ṣe há ọ̀rọ̀ kankan sórí láìsí “un” (fún akọ) tàbí “une” (fún abo) níwájú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìṣe, tó ń yí padà pẹ̀lú ẹni àti àkókò. Ọwọ́ ni a fi ń kọ́ ìyẹn, kì í ṣe ojú. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a pa á rẹ́, kí a tún un kọ.

Ní ti etí, RFI, rédíò ilẹ̀ Faransé, ní ìròyìn ojoojúmọ́ kan tí wọ́n ń pè ní “Journal en français facile”, tí kò gùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà ní kíkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a gbọ́ ìṣẹ́jú méjì péré nínú rẹ̀, kí a kọ ohun tí etí gbé sílẹ̀, kí a wá fi wé ohun tí wọ́n kọ. Ìṣẹ́jú 20 báyìí lójoojúmọ́ ṣe àǹfààní fún mi ju kíláàsì wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ.

Ìdánwò wo ni kí a ṣe?

Ìpele mẹ́fà ni wọ́n fi ń díwọ̀n èdè ní Yúróòpù, láti A1 dé C2. DELF ni ìdánwò tó gba A1 dé B2, DALF ló gba C1 àti C2. Máàkì 100 ni DELF, ó pín sí mẹ́rin: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 25. Ẹni tó bá gba 50 ti yege, àfi bí ó bá gba ohun tí kò tó márùn-ún nínú apá kan. Ìwé ẹ̀rí DELF àti DALF kì í kú. TCF àti TEF, tí wọ́n jẹ́ ìdánwò Faransé mìíràn, ọdún méjì péré ni tiwọn fi wúlò.

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. B2 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń fi Faransé kọ́ni ń béèrè, DELF sì dára fún wọn, ṣùgbọ́n ìjọba Kánádà kì í gba DELF fún ìwé ìgbélùú. TEF Canada tàbí TCF Canada nìkan ni wọ́n ń gbà. Nínú Express Entry, ètò tí wọ́n fi ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá gbélùú, ẹni tó bá dé ìpele keje lórí òṣùwọ̀n Kánádà fúnra rẹ̀ (kì í ṣe A1 dé C2) nínú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin èdè Faransé, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dé ìpele karùn-ún ó kéré tán, ń gba àfikún àmì 50, láti ọdún 2023 ni wọ́n sì ti ń pe àwọn tó gbọ́ Faransé lọ́tọ̀. Nítorí náà, kí a mọ ibi tí a ń lọ kí a tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Alliance Française wà ní Èkó àti Ìbàdàn fún ẹni tó fẹ́ kíláàsì.

Yíyan ilé ẹ̀kọ́

Ọ̀nà tó súnmọ́ wa jù gba Àgbádárìgì kọjá. Ní Àjárá, wọ́n dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tí owó tí wọ́n fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé lọ sókè òkun fún ọdún kan ti ń kọjá agbára. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Faransé ní àwọn yunifásítì wa ń lọ gbé níbẹ̀ láti máa fi èdè náà jẹun, kí wọ́n máa fi ṣeré, kí wọ́n sì máa fi jà. Ẹni tó ń ka òfin tàbí ètò ọrọ̀ ajé ní Ifẹ̀ tàbí Èkó lè ṣètò láti gba ẹ̀kọ́ ìgbà kúkúrú níbẹ̀ lásìkò ìsinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè tẹ̀ síwájú sí Lomé, níbi tí Yunifásítì Lomé ti ní ilé ẹ̀kọ́ èdè tí wọ́n ń pè ní “Village du Bénin”, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Gánà ti ń lọ tipẹ́.

Ní ti dìgírì ní Benin àti Tógò, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba dìgírì ní Kùtọnú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó sì fi wọ NYSC. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ pé ó ju 22,700 ọmọ Nàìjíríà lọ tó ti gba ayédèrú ìwé ẹ̀rí láti ibẹ̀, ó sì ní yunifásítì mẹ́jọ péré ni ìjọba fọwọ́ sí, márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Tógò. Kí òbí má ṣe gbọ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́nu ẹ́jẹ́ńtì kó sì sanwó lọ́jọ́ kan náà. Kí ó gba orúkọ náà lọ sí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́, kí ó béèrè bóyá ó wà nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí lónìí, nítorí pé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè yí padà láàárín ọdún kan.

Ewu kejì wà níbẹ̀ tí ìwé ìròyìn kò sọ. Mo pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọjà Dantokpa ní Kùtọnú, ọmọ Ìbàdàn, tó ti lo ọdún mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbẹ̀. Ó fẹ́ ra ṣájà fóònù. Ìyá tó ń tajà sọ iye rẹ̀ fún un, “deux mille cinq”, ó yíjú sí mi. Èmi ni mo sọ fún un pé 2,500 sẹ́fà ni. Gbogbo olùkọ́ rẹ̀ ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, gbogbo àwọn tó ń bá gbélé ló wá láti Nàìjíríà, oúnjẹ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bọ́ọ̀lù wọn, ti Nàìjíríà ni. Ọdún mẹ́ta ló lò ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì mú u bọ̀. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí pé ọlọ́pọlọ pípé ni ọmọ náà. Nítorí náà, kí a bi ilé ẹ̀kọ́ ní ìbéèrè kan tí kò ní ẹ̀tàn nínú: ẹ fi ìwé ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá hàn wá. Èdè tí wọ́n fi kọ ìbéèrè náà ni èdè tí ọmọ yóò mú bọ̀ wálé.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, tàbí tó bá rí ìrànwọ́ gbà, Yunifásítì Ottawa ní Kánádà ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1848, kò sì sí yunifásítì elédè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó tóbi tó o lágbàáyé. Akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ìdánwò rẹ̀ ní èyí tó bá fẹ́ nínú èdè méjèèjì, àyàfi níbi tí èdè gan-an bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń kọ́. Wọ́n ní ètò kan fún ẹni tí Faransé rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán: ó lè gba apá kan nínú kọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Faransé, kí olùkọ́ èdè sì máa ràn án lọ́wọ́ lórí kọ́ọ̀sì yẹn gan-an. Ìrànwọ́ tún wà tó ń dín owó ilé ẹ̀kọ́ kù fún àwọn àjèjì tó bá yàn láti fi Faransé kàwé. Kí a ka ìlànà rẹ̀ fún ọdún tí a fẹ́ wọlé, nítorí wọ́n máa ń tún un ṣe.

Ní Kamẹrúùnù, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ Yaoundé lè gba ẹ̀kọ́ kan ní Faransé láàárọ̀ kó sì gba òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ògbufọ̀ wà ní Buea, àmọ́ rògbòdìyàn ti wà ní agbègbè yẹn láti ọdún 2016, kí ẹni tó fẹ́ lọ kọ́kọ́ wádìí ààbò. Yunifásítì Gánà ní Legon àti Yunifásítì Gaston Berger ní Saint-Louis, Sẹ̀nẹ̀gà, ń kọ́ni ní iṣẹ́ ògbufọ̀ ní ipele másítà. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 2019 ni owó yunifásítì ìjọba fún àjèjì tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù ti lọ sókè sí 2,770 yúrò lọ́dún fún dìgírì àkọ́kọ́ àti 3,770 fún másítà, ó sì ti tún lé sí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì kan ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí kúrò nínú rẹ̀. Kí a bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè.

Fún ẹni tó bá fẹ́ràn Potogí, Brazil ní ètò PEC-G láti ọdún 1965, tó ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè sí yunifásítì láìgba owó ilé ẹ̀kọ́, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ìdánwò èdè wọn ni Celpe-Bras. Èyí kì í ṣe ọ̀nà jíjìn fún wa bí a ṣe rò: ní Salvador, Bahia, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia ti ní ilé ìwádìí ìmọ̀ Áfíríkà láti ọdún 1959, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ níbẹ̀.

Owó àti ìwé

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Faransé ń béèrè ẹ̀rí pé ènìyàn ní 615 yúrò fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Kánádà béèrè 20,635 dọ́là Kánádà fún oúnjẹ àti ilé ní ọdún kìíní láti oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n sì ti tún gbé e sókè, owó ilé ẹ̀kọ́ kò sí nínú rẹ̀. Owó Lomé ni agbára ọ̀pọ̀ ìdílé ká. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé kí ọmọ gba dìgírì àkọ́kọ́ nílé, kí ó fi ìsinmi kọ́ èdè ní Àjárá àti Lomé, kí a sì tọ́jú owó ńlá de másítà, nígbà tí èdè ti wà nílẹ̀ tí ìrànwọ́ sì pọ̀ sí i.

Orúkọ ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Orúkọ tó wà lórí WAEC, ìwé ìbí, páásípọ́ọ̀tù àti ìwé ẹ̀rí yunifásítì gbọ́dọ̀ bá ara mu dé orí lẹ́tà kan. Ẹni tí wọ́n kọ “Adeshina” fún níbì kan tí wọ́n sì kọ “Adesina” fún níbòmíràn yóò lọ búra ní kóòtù, àjèjì tó ń wo ìwé náà kò sì mọ̀ pé ṣ kan náà ni méjèèjì. Àkọsílẹ̀ máàkì láti àwọn yunifásítì wa lè gba oṣù púpọ̀ kó tó jáde, nítorí náà kí a bèèrè fún un kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ẹ̀kọ́. Ìwé tí a bá túmọ̀ sí Faransé, kí ó jẹ́ iṣẹ́ atúmọ̀ tó ti búra ní kóòtù, tí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè náà gbà.

Nínú kíláàsì wọn

Ìyá kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń sunkún pé ọmọ òun fẹ́ fìdí rẹmi, pé 14 ló gbà nínú 20. Mo ní kó nu ojú. 10 ni wọ́n fi ń yege ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé, 12 dára díẹ̀, 14 ni wọ́n ń pè ní “bien”, 16 sì jẹ́ iyì tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí yunifásítì elédè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí ó má baà fi ìṣirò ìdá ọgọ́rùn-ún yí máàkì rere padà sí ìkùnà lórí fọ́ọ̀mù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ àròkọ yàtọ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ ń wá ìbéèrè kan tó gún régé ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní “problématique”, lẹ́yìn náà, ètò apá méjì tàbí mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti kéde kó tó wọnú ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá da gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nínú ìdánwò wa yóò gba 8, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó kọ. Kí a kọ́kọ́ lo ìdá mẹ́rin àkókò lórí ètò yẹn nìkan.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fa ìlà sí láàárín. Ní apá òsì, mo ń kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà bí olùkọ́ ṣe pè é ní Faransé. Ní apá ọ̀tún, mo ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn oníṣẹ́ náà ń lò gan-an, kì í ṣe èyí tí ìwé atúmọ̀ kọ́kọ́ fún mi. Nísàlẹ̀, mo ń fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá mi. Ibi tí n kò bá ti lè fi Yorùbá ṣàlàyé, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé mi ní èdè kankan. Láàárín ọdún méjì, ìwé mẹ́rin ló kún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá yóò ṣe ìdíwọ́ fún èdè tó kù. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá fúnra rẹ̀ náà jẹ́ ọ̀nà àtijẹ fún ẹni tó bá kà á dáadáa. Ètò Fulbright ti ìjọba Amẹ́ríkà ti mú ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá lọ sí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà láti kọ́ni fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà sì ti wá kọ́ èdè wa ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, tí kò sì lè ka ìwé ìròyìn rẹ̀ tán, kì í rí irú ipò bẹ́ẹ̀.

Kí a tó kúrò níbẹ̀

Àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pín èdè nínú iṣẹ́ náà: A ni èdè tó mọ́ni lẹ́nu jù, B ni èyí tí a lè túmọ̀ sí, C ni èyí tí a kàn ń túmọ̀ láti inú rẹ̀. Nínú yàrá kékeré onígíláàsì tí wọ́n ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu olùsọ̀rọ̀, ògbufọ̀ méjì ló ń jókòó, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, nítorí pé ọpọlọ kì í gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá sí yàrá, ìwé pélébé àti bírò ni irinṣẹ́. Bí olùsọ̀rọ̀ bá sọ pé owó ìrẹsì yóò wálẹ̀ láàárín ọdún méjì bí òjò bá rọ̀, “òjò” ni mo ń kọ sókè, ọfà kan tó dojú kọlẹ̀, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ìrẹsì, àti 2 nínú òrùka. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ti di àmì mẹ́rin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwàásù àti ìròyìn rédíò dánra wò láti ọdún kìíní.

Fún gbogbo èèyàn tó kù, ìkọ́ṣẹ́ ni kókó. Ẹni tó ń ka ìṣirò owó ní Lomé tàbí Ottawa, kí ó wá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi èdè kejì ṣèpàdé, kí ó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ ó kéré tán, bó tiẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tó bá ń kọ ìwé ìwáṣẹ́, kí ó kọ “Faransé, B2, DELF” pẹ̀lú ọdún tó gbà á, kí ó má ṣe kọ pé òun “gbọ́ Faransé dáadáa”, nítorí pé ẹni tí yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò yóò yí sí Faransé láàárín ìjókòó, yóò sì mọ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó di ẹrù rẹ̀ padà wálé, kí ó gba ìwé ẹ̀rí ìkọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá fọwọ́ sí tó sì ní òòtẹ̀, kí ó gba “relevé de notes”, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì, ti ọdún kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti ọdún ìkẹyìn nìkan, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ méjì tó mọ̀ ọ́n dáadáa bóyá wọn yóò kọ̀wé fún un, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó ṣe ẹ̀dà márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n fi òòtẹ̀ jẹ́rìí sí i níbẹ̀. Ẹni tó bá dé Èkó kó tó rántí pé ìwé ọdún kejì kò sí lọ́wọ́ òun yóò tún wọkọ̀ padà gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tàbí kó kọ̀wé àṣẹ, kó fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ tì í, kó sì bẹ ọ̀rẹ́ kan tó ṣì wà níbẹ̀ kó lọ bá òun tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì náà ní aago méje àárọ̀.